Èèpo Èso àti Májèlé: Ibi Tí Òótọ́ Rẹ̀ Dé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá èso, tó sì fi èèpo bò ó.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi wá jù nídìí tábìlì ìlera tí a máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní Ìkọ̀lé níbí, ti kúrò lórí ibà. Ó ti di ti èèpo. Wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé bí èèyàn bá se èèpo ọsàn, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti ata ilẹ̀ pọ̀, tó ń mu ún láàárọ̀ kó tó jẹun, gbogbo májèlé tó wà nínú ara ni yóò fọ̀ dànù. Àwọn mìíràn gbé ìgò rẹ̀ wá kí á wò ó. Ìyá àgbà kan bi wá bóyá kí òun kúkú pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, kí òun máa mu omi èèpo nìkan. Ìbéèrè ìyá yìí ló jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ èèpo ní òótọ́ nínú. Ibi tí òótọ́ náà dé dúró ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Àwa Yorùbá kò ka èèpo sí pàǹtírí láti ìbẹ̀rẹ̀. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kòkó ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Èèpo ọsàn tó gbẹ, a fi ń dáná. A tún ń sun ún nírọ̀lẹ́ kí èéfín rẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ewúrẹ́ tó bá rí èèpo àgbagbà nílẹ̀ kò ní dúró de ìpè. Kùránì pẹ̀lú dárúkọ èso rùmáànù nínú Súrátù Ań'áámù àti Súrátù Ràhúmáànù, èso tí èèpo rẹ̀ nípọn, tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Lárúbáwá, Páṣíà àti Íńdíà sì ti ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí fóònù ni ìmọ̀ èèpo ti wá.

Èèpo ni aṣọ èso. Òun ni oòrùn ń pa, òun ni kòkòrò kọ́kọ́ ń bù jẹ, òun ni àrùn igi kọ́kọ́ ń kọ lù. Ọlọ́hun sì kó ohun ìjà sí i lára. Ẹni tó bá ti bó ọsàn rí, tí omi èèpo ta sí i lójú, mọ ohun tí à ń sọ. Òróró tó ta yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun ìjà náà. Nínú èèpo ọsàn, pàápàá ara funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, èròjà kan wà tó ń jẹ́ hesperidin. Nínú ti gíréèpù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ nì, naringin ló wà níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tó mú un korò. Irú èròjà báyìí pọ̀ lára èèpo ju inú omi ọsàn tí à ń mu lọ.

Àwọn èròjà wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant. Kí ni iṣẹ́ wọn? Ẹ bẹ iṣu kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láì fi sómi. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, afẹ́fẹ́ ló bá a. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ikàn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kò ní tètè dúdú. Irin tí a gbàgbé síta ń dógùn-ún. Nínú ara wa náà, ọ́ksíjìn tí à ń mí símú, tí a ò lè wà láàyè láìsí i, máa ń fa àwọn èròjà kan tí wọn kì í fara balẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nítòsí wọn ni wọ́n ń bù jẹ: ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì, púrótéènì, kódà DNA. Ara ní ọmọ ogun tó ń kó wọn níjàánu, ẹ̀dọ̀ sì jẹ́ olú ibùdó fún ọmọ ogun náà. Bí májèlé bá wọlé, àwọn èròjà aláìfarabalẹ̀ yìí lè pọ̀ ju ohun tí ọmọ ogun ara kápá. Ibẹ̀ ni èròjà inú èso, ewébẹ̀ àti èèpo ti lè ṣèrànwọ́.

Nítòsí wa níbí ni wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí yìí. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FUTA, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh àti Ayokunle Ademosun tẹ iṣẹ́ jáde ní 2011 lórí èèpo gíréèpù àti èèpo ṣádọ́ọ̀kì. Wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fà jáde lára èèpo náà ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń sọ oúnjẹ di ṣúgà lọ́wọ́, ó sì tún ń dí ẹ́ńsáìmù kan tó ń lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ gidi ni, a sì ń fi í yangàn pé ará ilé ló ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí èyí. Ènìyàn kankan kò mu ún nínú iṣẹ́ náà, àwọn tó ṣe é kò sì sọ pé kí aláìsàn pa oògùn tì.

Ní ti májèlé gan-an, eku ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á pín àwọn eku sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan á máa jẹ, á máa mu lásán. Ọ̀wọ́ kejì á gba májèlé. Ọ̀wọ́ kẹta á gba èròjà tí wọ́n fà lára èèpo fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fún un ní májèlé. Tó bá yá, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n á wo ohun tí à ń pè ní ALT àti AST, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá fara gbọgbẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀dọ̀ àwọn tó ti kọ́kọ́ gba èròjà èèpo kì í bàjẹ́ tó ti àwọn tó gba májèlé nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí i fún èèpo rùmáànù, bẹ́ẹ̀ ni fún oríṣi èèpo ọsàn kan.

Ọ̀kan nínú májèlé tí wọ́n ń fún àwọn eku náà yóò ya yín lẹ́nu: parasitamọ́ọ̀lù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó wà nínú àpò gbogbo wa. Bí a bá lò ó bó ṣe tọ́, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá di májèlé, èròjà kan nínú ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ glutathione á mú un mọ́lẹ̀. Bí a bá lò ó ní àlòjù, glutathione á tán, májèlé náà á wá dojú kọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Fún àgbàlagbà, kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ oní-500 miligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ rántí pé parasitamọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ara ríro tí a ń rà lọ́tọ̀. Ẹni tó ń lo méjì, mẹ́ta pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko lè kọjá mẹ́jọ láì mọ̀, omi èèpo òwúrọ̀ kò sì ní gbà á sílẹ̀. Oògùn tó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, N-acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tètè fún un ni yóò ti dáa tó.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín eku inú yàrá ìwádìí àti àwa. Èkíní, ọ̀pọ̀ ìgbà ni eku ti ń gba èròjà èèpo kí májèlé tó dé. Àwa kì í mọ ọjọ́ tí májèlé máa dé. Ẹni tó bá sì ti gbé e mì tán, tó wá ń sáré wá èèpo, ti kọjá ibi tí ìwádìí yẹn ń sọ̀rọ̀ bá.

Ìwọ̀n náà tún wà. Wọ́n máa ń wọn ohun tí eku máa gbà bí eku náà bá ṣe wúwo tó, ó sì jẹ́ ògidì èròjà tí wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ dànù. Ohun tó wà nínú ìkòkò wa ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́. Èèpo ọsàn Benue, èèpo ọsàn ẹ̀yìnkùlé, èyí tó pọ́n, èyí tí kò pọ́n, wọn ò lè rí bákan náà.

Ọtí kẹ́míkà, yálà ethanol tàbí methanol, ni wọ́n sì máa ń fi fa èròjà náà jáde lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá mú kí ọtí náà gbẹ tán. A fi ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí èyí sílẹ̀ fún àwọn àáfà wa. Èyí tó jẹ́ tiwa láti sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé. Methanol yìí ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó wà nídìí ikú àwọn èèyàn tó mu ògógóró ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Ó ń fọ́ ojú kó tó pani. Bí olóògùn kan bá ń ta omi èèpo tó ní ọtí ni òun fi fà á, ẹ máa bá tiyín lọ.

Àwọn kan á ní, ó tán, bí kò bá ṣe wá ní oore, kò lè pa wá lára, ṣebí antioxidant ni. Rárá o. Ní Finland, àwọn onímọ̀ kó ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ, wọ́n lé ní 29,000, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní hóró beta-carotene lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ antioxidant inú kárọ́ọ̀tì. Ìrètí wọn ni pé yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ náà pọ̀ sí i ní ìdá 18 nínú 100 lára àwọn tó gba hóró náà. Kárọ́ọ̀tì kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Èròjà rẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì kó jọ di púpọ̀, ló yí padà sí wọn.

Ibi tó ń ká wa lára jù rèé. Ohun tí à ń fín sí oko, ara èèpo ló ń kọ́kọ́ bà lé. Ẹni tó bá mọ oko kòkó láti Ìkọ̀lé títí dé Ọmùò mọ̀ pé igi ọsàn àti igi obì máa ń dúró láàárín kòkó. Bí a bá ń fín oògùn kòkòrò sí kòkó, kò sí ẹni tó ń fi agboòrùn bo ọsàn. Àwọn bàbá wa lo Gammalin 20 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èròjà inú rẹ̀, lindane, ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi kún àwọn tí ayé ń lé jáde ní 2009. NAFDAC kéde pé oògùn koríko paraquat gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jà láti January 2024, kí atrazine tẹ̀ lé e ní January 2025. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sílé àgbẹ̀ kò gbọ́ ìkéde. Ẹ̀yin tó ń fín oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo pé kí ẹ tó ká èso.

Ti kábáìdì náà ńkọ́? Àwọn oníṣòwò kan ń fi í mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ pọ́n ní kíákíá. Bí ìrì bá kàn án, gáàsì kan á jáde lára rẹ̀ tó ń mú èso pọ́n, ṣùgbọ́n kábáìdì àwọn jorí-jorí yìí máa ń ní arsenic àti phosphorus díẹ̀ nínú, májèlé ni àwọn méjèèjì. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ títí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà ní tútù minijọ̀, tí inú rẹ̀ sì le, ẹ fura sí i.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó gbé irú èèpo bẹ́ẹ̀ sórí iná, tó sè é títí omi fi fà, tó wá ń mu ún láàárọ̀ kí májèlé lè kúrò lára, kí ló ń mu? Ẹ̀sìn wa sọ pé kí ohun tí a ó jẹ jẹ́ halaalu, kí ó sì tún jẹ́ tayyibu, ohun tó mọ́ tó sì dára. Èèpo ọsàn jẹ́ halaalu. Èyí tí oògùn kòkòrò gbẹ mọ́ lára kì í ṣe tayyibu.

Fífọ̀ ń ṣèrànwọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, fi èso ápù dán an wò. Sódà funfun tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan nínú ìdajì lítà omi, mú oògùn méjì tí wọ́n fi sára ápù náà kúrò lójú èèpo ju omi lásán lọ, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú èèpo lọ kò jáde. Nítorí náà, ẹ fọ èso kí ẹ tó bó o, àní èyí tí ẹ ò ní jẹ èèpo rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ àti ọwọ́ tó kan èèpo ló máa kan inú. Ẹ lo omi tó ń ṣàn, ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa. Bí sódà bá wà, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì tún ṣàn án. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ tàbí Hypo fọ èso. A mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèpo ló jẹ́ ọ̀rẹ́. Èèpo kóró kajú ń bó èèyàn lára bí iná, àwọn tó ń sun ún nílé mọ̀. Ìbátan kajú ni máńgòrò. Ara èèpo rẹ̀ náà ń mú ẹnu àwọn kan yún, ó ń wú wọn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe èso, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi kún un: sáyánáìdì tó wà lára èèpo rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti inú lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá tó fẹ́ pa oògùn tì. Ní Kánádà, David Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò, felodipine. Wọ́n lo omi gíréèpù láti fi pa adùn nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn mu. Wọ́n yà lẹ́nu pé oògùn náà di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìròyìn kíkún rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 1991. Èròjà kan nínú gíréèpù, tó wà lára èèpo rẹ̀ pẹ̀lú, ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ oògùn nínú ìfun lọ́wọ́, ipa rẹ̀ sì lè kọjá ọjọ́ kan. Ó kan nifedipine tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kan simvastatin àti atorvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ọsàn dídùn tí à ń mu lójoojúmọ́ kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ṣádọ́ọ̀kì àti ọsàn kíkorò ní in. Nínú àdàlù èèpo tí ẹ rà nígò, ẹ ò mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn yín tì, kí ẹ sì sọ fún oníṣègùn tàbí apòògùn bí ẹ bá ń mu àgbo èèpo kankan. Kò sí ẹni tó máa bá yín jà.

Ti pàjáwìrì wá kù. Bí ọmọ bá mu òtapíápíá tàbí dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, á máa làágùn, ẹyinjú rẹ̀ á kéré, ara rẹ̀ á rọ, mímí á di iṣẹ́. Ẹ má ṣe fún un ní omi èèpo, epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ má fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì bo ọwọ́ ara yín. Bó bá ń bì fúnra rẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín kíákíá. Àwọn tó wà ní apá Ìdó àti Ọ̀yẹ́ lè kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mú ìgò ohun tó mu dání. Atropine ni wọ́n fi ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye. NAFDAC ti ní kí ìgò kékeré dichlorvos kúrò lọ́jà láti 2019. Bó bá ṣì wà nílé yín, pàápàá nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ kó o kúrò níbi tí ọmọ lè dé lónìí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn èèpo ńkọ́? Ẹ jẹ èso yín dáadáa, inú àti ewébẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni èròjà tó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ti wá láì léwu. Bí igi ọsàn bá wà lẹ́yìnkùlé yín tí ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí, tí ẹ ti fọ èso rẹ̀, ẹ lè rẹ́ èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú tíì tàbí kéèkì. Oúnjẹ ni, ẹ jẹ́ kó wà ní ìwọ̀n oúnjẹ. Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Èyí tó kù nínú èèpo, ẹ sá a fún ìdáná, tàbí kí ẹ kó o fún ewúrẹ́, àyàfi ti ẹ̀gẹ́ tútù. Ìyẹn gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn dáadáa kí ẹran tó fẹnu kàn án.